Igbá, Àká àti Atúmọ̀: Ìdí Tí Ó Fi Yẹ Kí A Máa Ṣe Ọpọlọ Ẹ̀rọ Pọ̀ Mọ́ Atúmọ̀ Èdè Rẹ̀



Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ ní gbangba lórí iṣẹ́ mi, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ẹ̀rọ rárá, òpó ni. Láàrin ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀, ọ̀gá agbẹ́gilére tí ó fi ìlú Ìsẹ̀ ṣe ibùgbé lábẹ́ Arínjalẹ̀, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà níhìn-ín ní Ìkẹ́rẹ́. Ilẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924, kò sì padà wá mọ́. Ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní London gbà á, Ògògà sì gba àga ọba kan tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba dípò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà lónìí. Ẹni tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò rí ọba lórí ìtẹ́, yóò rí olorì tí ó dúró lẹ́yìn ọba tí ó sì ga jù ú lọ, yóò sì yin ọwọ́ tí ó gbẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kò ní rí òrùlé. Òpó tí a gbẹ́ láti gbé òrùlé dúró kò gbé nǹkan kan mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí bí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ṣe lè ṣaláìmọ bí òrùlé náà yóò ti ga tó àti bí yóò ti wúwo tó kí ó tó gbé àáké sí igi.

Mo mú ọ̀rọ̀ òpó yìí wá nítorí pé bí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá nìyẹn. A ń fi òpó hàn wọ́n nínú iyàrá kan, a ń fi òrùlé hàn wọ́n nínú iyàrá mìíràn, a kì í sì í sọ fún wọn pé ilé kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Òpó tí mo ń wí ni ọpọlọ ẹ̀rọ, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní prósẹ́sọ̀. Òrùlé ni kọ̀ǹpáílà, èyí tí n ó máa pè ní atúmọ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: kò sí ẹni tí ó lè ṣe ọ̀kan dáradára láìro èkejì mọ́ ọn, bí àwa ní gúúsù Èkìtì bá sì fẹ́ ní ọwọ́ nínú iṣẹ́ yìí, ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé ni kí a gbà wọlé.

Kí n tó lọ jìnnà, ó yẹ kí n sọ ohun tí atúmọ̀ jẹ́ fún àwọn tí kì í ṣe ará ilé iṣẹ́ wa. Ọpọlọ ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè ènìyàn kankan. Ohun tí ó gbọ́ ni àwọn àṣẹ kéékèèké tí a fi nọ́ńbà kọ: mú èyí, rò ó pọ̀ mọ́ tọ̀hún, fi í pamọ́, wò ó bóyá òdo ni, fò lọ sí ibòmíràn. Ènìyàn kò lè fi irú èdè bẹ́ẹ̀ ronú pẹ́ kí orí rẹ̀ má dàrú. Nítorí náà a ń kọ prógíráàmù wa ní èdè tí ó súnmọ́ ìrònú ènìyàn, a sì ń wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Irú ìtumọ̀ méjì ni ó wà. Ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ a máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ adájọ́. Bí ẹlẹ́rìí ti ń sọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni òun náà ń túmọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884, wọn kò dúró ti òǹkàwé kankan. Wọ́n ti parí iṣẹ́ wọn kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwé náà. Irú kejì yìí ni atúmọ̀ tí mo ń sọ. Ó ń ka odindi prógíráàmù ṣáájú, ó lè padà sẹ́yìn, ó lè wo iwájú, ó sì lè tún àwọn gbólóhùn tò, níwọ̀n ìgbà tí ìtumọ̀ kò bá ti yí padà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ìyàtọ̀ kan mú, nítorí pé orí rẹ̀ ni ìyókù ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Atúmọ̀ ní àkókò láti ronú, ṣùgbọ́n kò sí níbẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́. Ọpọlọ ẹ̀rọ wà níbẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́, ó ń rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní àkókò láti ronú. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. N kò mọ òwe tí ó bá iṣẹ́ wa mu ju èyí lọ.

Nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, mo kọ prógíráàmù kan tí ń sọ àwọn tábìlì nọ́ńbà ńlá di púpọ̀. Ó ń falẹ̀ bí ìgbín. Mo lọ bá olùkọ́ tí ń kọ́ wa nípa atúmọ̀. Ó ní ẹ̀rọ ni ó lẹ́bi, kí n lọ bá ẹni tí ń kọ́ wa nípa ẹ̀rọ. Mo lọ bá òun náà. Ó ní atúmọ̀ ni. Ó tó ọdún méjì kí n tó mọ̀ pé òtítọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Prógíráàmù mi ń rin ìrìn jíjìn lọ sí àká nítorí nọ́ńbà kan ṣoṣo, ó ń fi àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tún ń padà lọ. Atúmọ̀ tí ó bá mọ bí àká ti rí ìbá ti yí ètò ìrìn náà padà fún mi kí n tó ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ atúmọ̀ náà kò tíì bá ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà jókòó rí.

Àká tí mo dárúkọ yìí nílò àlàyé. Ìyá tí ń dáná ní igbá díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó sì ní àká iṣu ní oko. Ohun tí ó bá wà nínú igbá, ó lè nawọ́ mú un láìdìde. Ohun tí ó bá wà ní àká, àfi kí ó lọ gbé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọpọlọ ẹ̀rọ rí. Ó ní àyè díẹ̀ tí ó súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní rẹ́jísítà, tí èmi ń pè ní igbá. Ó sì ní àká ńlá tí ó jìnnà, níbi tí a ń kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan sí. Lóde òní, kí ọpọlọ ẹ̀rọ tó lọ sí àká kí ó sì dé, ó lè ti ṣe ọgọ́rùn-ún ìṣirò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ti agbára iná, owó ìrìnnà yìí burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti gbé nọ́ńbà kan wá láti àká lè ná ẹ̀rọ ju ìlọ́po ẹgbẹ̀rún ohun tí ó ná an láti ro nọ́ńbà méjì pọ̀.

Ta ni ó ń pinnu ohun tí yóò wọ igbá àti ohun tí yóò lọ sí àká? Atúmọ̀ ni. Ní 1981, Gregory Chaitin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ IBM tẹ ìwé kan jáde tí ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ pípín igbá dàbí kíkun àwòrán ilẹ̀. Ìsẹ̀ àti Èmùré pààlà, nítorí náà wọn kò gbọdọ̀ ní àwọ̀ kan náà lórí àwòrán. Ìlú tí wọn kò bá pààlà lè jọ lo àwọ̀ kan. Bákan náà, nọ́ńbà méjì tí a nílò ní àkókò kan náà kò gbọdọ̀ wà nínú igbá kan, ṣùgbọ́n èyí tí a ti lò tán lè fi igbá rẹ̀ sílẹ̀ fún òmíràn.

Igbá mélòó wá ni ó yẹ kí ọpọlọ ẹ̀rọ ní? Ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ lè rò pé bí ó bá ti pọ̀ tó ni yóò ti dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣẹ kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n àyè tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ní ó jẹ́ bíìtì 32, èyíinì ni àmì òdo tàbí ọ̀kan méjìlélọ́gbọ̀n. Àṣẹ ìròpọ̀ ní láti dárúkọ igbá mẹ́ta: méjì tí yóò ti mú nǹkan, ọ̀kan tí yóò da èsì sí. Bí igbá bá jẹ́ 32, orúkọ kọ̀ọ̀kan yóò gba bíìtì 5, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò gba 15, a ó sì ní 17 fún gbogbo ọ̀rọ̀ yòókù. Bí a bá sọ igbá di 64, orúkọ mẹ́ta yóò gba 18, ìyókù yóò di 14, àṣẹ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í há. Bí a bá sì sọ ọ́ di 8, atúmọ̀ yóò máa sáré lọ sí àká ṣáá. Ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ kò lè fi ojú inú nìkan mọ iye tí ó tó. Ó ní láti fún atúmọ̀ ní 16, kí ó fún un ní 32, kí ó sì ka iye ìrìn àká tí ó kù nínú àwọn prógíráàmù tí àwọn ènìyàn ń lò ní tòótọ́. Ohun tí mo pè ní ṣíṣe wọ́n pọ̀ nìyẹn: kì í ṣe ìpàdé, kì í ṣe ìkíni, bí kò ṣe pé ìpinnu lórí irin ń dúró de ìdáhùn láti ẹnu atúmọ̀.

Ó pẹ́ kí ayé tó gbà bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ Burroughs ti kéde ẹ̀rọ B5000 ní 1961, èyí tí wọ́n ṣe ní tààrà fún èdè ALGOL, ṣùgbọ́n àwọn tí ó tẹ̀lé ìlànà wọn kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ gbà pé ọ̀nà láti ran àwọn tí ń kọ atúmọ̀ lọ́wọ́ ni láti máa fi àṣẹ ńláńlá kún àṣẹ, kí àṣẹ kan lè ṣe iṣẹ́ mẹ́rin. Wọ́n ń rán ẹ̀wù fún ẹni tí wọn kò wọn ara rẹ̀. Nínú ẹ̀rọ VAX tí ilé iṣẹ́ Digital gbé jáde ní 1977, àṣẹ kan wà tí ń wá ipò nǹkan nínú tábìlì, tí ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá a kò ré kọjá ààlà tábìlì náà. Ní 1980, David Patterson àti David Ditzel ròyìn pé lórí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ náà, bí a bá fi àwọn àṣẹ kéékèèké dípò àṣẹ ńlá yìí, iṣẹ́ kan náà yá sí i ní ìwọ̀n 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo owó tí wọ́n ná lórí ẹ̀wù náà, kò sì wọ̀.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ wọn ara kí wọ́n tó rán ẹ̀wù ni John Cocke àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní IBM, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀rọ 801 ní 1975. Nọ́ńbà ilé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Atúmọ̀ tí wọ́n pè ní PL.8 àti ẹ̀rọ náà dàgbà pọ̀ bí ìbejì: àṣẹ tí atúmọ̀ kò bá lò kò ní ìdí láti wà nínú irin. Iṣẹ́ Chaitin tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, inú ilé yìí ni ó ti jáde. Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ obìnrin kan kún un, nítorí ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà níhìn-ín. Frances Allen jẹ́ olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí ó tó lọ sí IBM ní 1957, nítorí kí ó lè san gbèsè owó ilé ìwé rẹ̀. Ó bá Cocke ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lórí bí atúmọ̀ ṣe lè mọ inú prógíráàmù, ní 2006 ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn Turing, èyí tí kò sí ẹ̀bùn tí ó ga jù ú lọ nínú iṣẹ́ wa. Ìlú tí ó ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ ni Ìkẹ́rẹ́. N kò rò pé ìtàn yìí ṣàjèjì sí yín.

Èyí tí ó wù mí jù lọ nínú gbogbo rẹ̀ ni iṣẹ́ MIPS, tí John Hennessy àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní 1981. Kí ó lè yé wa, ẹ rántí bí a ti ń ṣe gaàrí. Ẹnì kan ń bó ẹ̀gẹ́, ẹnì kan ń rin ín, ẹnì kan ń fún un, ẹnì kan ń jọ̀ ọ́, ẹnì kan ń yan án. Wọn kì í dúró kí ẹ̀gẹ́ kan di gaàrí tán kí wọ́n tó bó òmíràn. Gbogbo ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ẹ̀rọ ń ṣe pẹ̀lú àwọn àṣẹ. Ìṣòro ni pé ẹni tí yóò jọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àpò tí omi kò tíì dá lára rẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀rọ mìíràn, olùṣọ́ kan wà nínú irin tí ń kígbe pé, “Ẹ dúró, kò tíì gbẹ.” Hennessy yọ olùṣọ́ náà kúrò. Ó ní kí atúmọ̀ ti fi alẹ́ àná to iṣẹ́ náà dáradára, kí ó mọ̀ pé nígbà tí àpò yìí bá wà lábẹ́ ẹrù, iṣẹ́ mìíràn tí kò kàn án ni kí ó fi sí àárín. Bí kò bá sì rí iṣẹ́ kankan, kí ó fi àṣẹ òfìfo sí i. Irin wá di fífúyẹ́, ó sì yára. Ní 2017 ni Hennessy àti Patterson jọ gba ẹ̀bùn Turing.

Síbẹ̀, ètò tí a ṣe fún òṣìṣẹ́ márùn-ún kò bá òṣìṣẹ́ mẹ́jọ mu. Nígbà tí ìgbésẹ̀ inú àwọn ẹ̀rọ MIPS tí ó tẹ̀lé e pọ̀ sí i, tí prógíráàmù àtijọ́ sì ní láti máa ṣiṣẹ́ lórí wọn, wọ́n tún dá olùṣọ́ padà sí àwọn ibì kan. Ìkìlọ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó gbọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ Intel àti Hewlett-Packard fọwọ́ sowọ́ pọ̀ ní 1994 láti ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ tí ó wá di Itanium, tí ó jáde ní 2001. Wọ́n di ẹrù tí ó pọ̀ jù lé atúmọ̀ lórí: òun ni kí ó máa sọ àwọn àṣẹ tí ó lè lọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n atúmọ̀ tí ó ṣe ètò ní alẹ́ àná kò lè mọ̀ bóyá ohun tí a ń wá yóò wà nítòsí ní òwúrọ̀, tàbí yóò wà ní àká jíjìn. Àpò kan gbẹ ní wákàtí méjì, òmíràn gba ọjọ́ méjì. Ìdí mìíràn wà tí ọjà Itanium kò fi tà, n kò ní jẹ́ kí a fi atúmọ̀ nìkan ṣe ẹlẹ́ṣẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ yẹn ni èmi rí kọ́ nínú rẹ̀. Ní 2021 ni wọ́n fi ránṣẹ́ kẹ́yìn sí àwọn oníbàárà.

Ẹni tí ó rí ojú ọ̀nà mìíràn jẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò nílò àlàyé láàrin wa: Oyèkúnlé Olúkòtún, tí ayé ń pè ní Kunle Olukotun. Ó di olùkọ́ ní Stanford ní 1991. Ní 1996, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé dípò kí a máa fi gbogbo ègé sílíkọ́nì kan ṣe ọpọlọ ńlá kan ṣoṣo tí ń jẹ iná tí ó sì ń gbóná, ó sàn kí a fi í ṣe ọ̀pọ̀ ọpọlọ kéékèèké. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Hydra, wọ́n pín iṣẹ́ náà láàrin irin àti atúmọ̀ lọ́nà tí inú mi máa ń dùn sí bí mo bá ti ń kọ́ ọ. Atúmọ̀ yóò wo ibi tí prógíráàmù ti ń ṣe ohun kan léraléra, yóò sì méfò pé a lè ṣe àwọn àtúnṣe náà lẹ́ẹ̀kan náà lórí ọpọlọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kò dá a lójú. Irin ni yóò máa ṣọ́ ọ: yóò fi ohun tí ọpọlọ kọ̀ọ̀kan kọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí àméfò náà bá tọ̀nà yóò tẹ́wọ́ gbà á, bí kò bá tọ̀nà yóò dà á nù kí wọ́n tún un ṣe. Ẹni tí ó ní àkókò ń méfò. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ ń jẹ́rìí.

Ní 2000, òun àti àwọn mìíràn dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Afara Websystems. Ẹ̀yin gbọ́ ohun tí ó ń jẹ́ afárá láìsí atúmọ̀. Ilé iṣẹ́ Sun ra Afara ní 2002, ohun tí ó sì ti inú rẹ̀ jáde ní 2005 ni ọpọlọ ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Niagara: ọpọlọ kéékèèké 8 lórí ègé kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè di ìlà iṣẹ́ 4 mú, àpapọ̀ 32. Nígbà tí ìlà kan bá ń dúró de àká, ọpọlọ náà yóò yí sí ìlà mìíràn. Ẹ tún padà sí ibi gaàrí: bí àpò oníbàárà kan bá wà lábẹ́ ẹrù, a ń yan ti ẹlòmíràn. Kò sí ẹni tí ó ní láti mọ̀ ṣáájú bí àpò náà yóò ti pẹ́ tó.

Ìṣòro tí ó wá ṣẹ́ kù ni pé àwọn ènìyàn lásán kò mọ prógíráàmù kọ fún ọ̀pọ̀ ọpọlọ. Láti 2008 ni Olúkòtún àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbájú mọ́ èdè tí a dá fún iṣẹ́ kan pàtó, tí atúmọ̀ rẹ̀ mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lórí nọ́ńbà kò ju ìṣe mélòó kan lọ: kí a ṣe ohun kan náà sí gbogbo nǹkan inú òkìtì, bí ẹni ń bó iṣu; kí a kó gbogbo rẹ̀ jọ sí ọ̀kan, bí olórí àjọ ti ń gba owó; kí a ṣà wọ́n sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní Plasticine, tí wọ́n ròyìn ní 2017, ni wọ́n gé mọ́ ìwọ̀n àwọn ìṣe wọ̀nyí gan-an. Ọdún yẹn kan náà ni òun àti àwọn méjì mìíràn dá ilé iṣẹ́ SambaNova sílẹ̀ lórí ìlànà yìí, ní 2023 ó sì gba ẹ̀bùn Eckert-Mauchly, ẹ̀bùn àwọn tí ń ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ara wọn báyìí: “Olùkọ́, Stanford nìyẹn, kò sí ilé iṣẹ́ sílíkọ́nì ní Èkìtì.” Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní Cambridge ní Ìlú Ọba, ilé iṣẹ́ kékeré kan wà tí a ń pè ní Acorn. Sophie Wilson, ẹni tí ó kọ èdè BBC BASIC fún wọn, ni ó tún jókòó tí ó ṣètò àwọn àṣẹ tí ọpọlọ ẹ̀rọ wọn yóò gbọ́; Steve Furber ṣe irin rẹ̀. (BBC BASIC jẹ́ ti irú ògbufọ̀ ilé ẹjọ́, kì í ṣe ti irú Crowther, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti kọ ọ̀kan mọ ohun tí ó ń dun èkejì.) Wilson kọ prógíráàmù kan tí ó ń ṣàfarawé ẹ̀rọ náà kí a tó ṣe ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Acorn kò ní ilé iṣẹ́ sílíkọ́nì. Ilé iṣẹ́ mìíràn ni ó bá wọn ṣe é ní 1985. Orúkọ ọpọlọ ẹ̀rọ náà ni ARM, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó sì wà nínú fóònù tí ó wà lápò yín, bóyá ẹ mọ̀ tàbí ẹ kò mọ̀.

Ohun tí Wilson ní lọ́wọ́ nígbà náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní jù bẹ́ẹ̀ lọ lónìí. Láti 2010 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe RISC-V ní Yunifásítì California ní Berkeley, àkójọ àṣẹ tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsan owó àṣẹ fún ẹnikẹ́ni, tí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi àṣẹ tirẹ̀ kún un. Láti 2000 ni atúmọ̀ tí wọ́n ń pè ní LLVM ti wà, tí inú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún kíkà àti fún títúnṣe. Ẹ̀rọ àfarawé wà tí ń ṣe bí RISC-V lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká lásán. Bí iná bá lọ, bátìrì yóò gbé e fún wákàtí díẹ̀.

Kí ni a ó fi ṣe? Èmi ní ìdáhùn tèmi. Àwa níhìn-ín ń pe ilé ní ulé, a ń pe iṣu ní uṣu. Mo fẹ́ ẹ̀rọ kékeré kan tí àgbẹ̀ kòkó ní Èmùré lè bá sọ̀rọ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀ nínú ilé rẹ̀, tí oòrùn ń fún ní agbára, tí kò sì ní láti bi ẹnikẹ́ni ní London tàbí Lagos kí ó tó dáhùn. Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ẹ̀mí èdè wa, nítorí náà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní láti máa wọn gíga ohùn láìsinmi. Ọ̀nà kan tí a ń gbà ṣe é ni kí a fi ohùn wé ara rẹ̀ lẹ́yìn ìdádúró díẹ̀: kí a sọ nọ́ńbà méjì di púpọ̀, kí a ro ó mọ́ àpapọ̀, kí a tún un ṣe. Bí a bá ń gba ohùn ní ìgbà 16,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a sì ń dán ìdádúró 200 wò, ìsọdipúpọ̀ àti ìròpọ̀ 3,200,000 ni fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan tí àgbẹ̀ fi ń sọ̀rọ̀. Nínú àwọn àṣẹ nọ́ńbà odindi ti RISC-V, méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà: àṣẹ ìsọdipúpọ̀ kan, àṣẹ ìròpọ̀ kan. A lè dá àṣẹ kan sílẹ̀ tí yóò ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí atúmọ̀ kò bá mọ̀ ọ́n nígbà tí ó bá rí i nínú prógíráàmù, àṣẹ náà yóò jókòó lásán bí ẹ̀wù VAX.

Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tí ń bọ̀, èmi àti ẹlẹgbẹ́ mi tí ń kọ́ yín nípa ẹ̀rọ yóò da kíláàsì méjèèjì pọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ óò kọ́kọ́ kọ prógíráàmù tí ń wọn ohùn náà, ẹ óò sì ka iye ìgbà tí ó pe àṣẹ kọ̀ọ̀kan àti iye ìgbà tí ó rin ìrìn àká. Ẹ óò fi àṣẹ tuntun kan kún ẹ̀rọ àfarawé, ẹ óò kọ́ atúmọ̀ láti máa lò ó, ẹ óò sì tún kà. Bí iye náà kò bá dín, ẹ óò yọ àṣẹ náà kúrò, ẹ óò sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Máàkì ìdí náà kò ní kéré sí ti ẹni tí tirẹ̀ yege. Ẹni tí kò bá ní kọ̀ǹpútà alágbèéká yóò jókòó ti ẹni tí ó ní. Mo tún ń wá àwọn ìyá àti bàbá láti Ìsẹ̀, Èmùré àti Ìkẹ́rẹ́ tí yóò gbà kí a gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ èdè ilé wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ yín sílẹ̀ lọ́wọ́ akọ̀wé ní ẹnu ọ̀nà kí ẹ tó lọ.

Alága wa, mo ṣe tán láti gba ìbéèrè.